Fóònù Tí Yóò Gbọ́ Oríkì Mi Dópin

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ki fóònù mi bọ iná, gbogbo Abẹ́òkúta ló ṣókùnkùn. Láti Ìbarà títí dé Ìtòkú, kò sí gílóòbù kan ṣoṣo tó tàn. Èmi nìkan ni mo fa iná ìlú tán. Àwọn oníná fi ọkọ̀ ńlá wá sí ojúlé mi, ọ̀gá wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa, ẹ yọ ṣájà yín." Mo wo ojú fóònù náà. Kò tíì kún dé ìdajì. Mo ní kí wọ́n wá ibì kan jókòó sí ná.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá wo ojú ibi tí ọ̀gá náà dọ̀bálẹ̀ sí. Ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ ìyàwó mi ló ń mumi nínú rẹ̀ báyìí.

Fóònù ọ̀hún kì í ṣe tuntun nígbà tó dé ọwọ́ mi. Ọmọbìnrin mi tó ń gbé lókè Ọya ló lò ó títí ojú rẹ̀ fi sán bí gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́, kó tó wá rántí pé òun ní bàbá. Mo dúpẹ́, mo sì gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n oníwọ̀ra gbáà ni fóònù yẹn. Á jẹ iná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀, tó bá wá di pé kó ṣiṣẹ́, àárẹ̀ á mú un. Ẹ̀yìn rẹ̀ wú bí ikùn káńsílọ̀, mo sì ń pè é ní káńsílọ̀. Ó máa ń kú, á tún jí, bí àkúdàáyà, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí èyíkéyìí nínú méjèèjì máa ṣẹlẹ̀.

Bíríkìlà ni mí kí eékún mi tó ní òun ò gun àkàbà mọ́. Ní ti ìwé, mo kà á dé kíláàsì kẹrin. Ọjọ́ tí olùkọ́ sọ fún wa pé ayé ń yí po ni mo nawọ́ sókè, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá ń yí po, báwo ni ògiri ṣe ń dúró?" Wọ́n nà mí. Mo jáde níbẹ̀, mo lọ kọ́ iṣẹ́ ògiri. Títí dòní, gbogbo ògiri tí mo mọ ló dúró, yálà ayé ń yí o, tàbí kò yí.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi ò wá fóònù tí màá fi gbéra ga. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi débẹ̀.

Ìyá wa bí wa púpọ̀, àwa méjì péré ló kù lókè eèpẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Odeda, nínú ilé tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ní àràárọ̀, kété tí mo bá ti fọ ẹnu tán, àwọn ni mo máa ń pè. Màá ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ò jí i re bí?" Wọ́n á béèrè ìyàwó mi, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó ti ní ọmọ-ọmọ. Wọ́n á béèrè eékún mi, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀. Wọ́n á béèrè ewúrẹ́. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n á wá tún ohùn ṣe, tí wọ́n á pe oríkì mi, tí wọ́n á sì máa kì mí lọ, láti orí bàbá wa dé orí bàbá bàbá wa, dé àwọn tó ti dé Abẹ́òkúta kí ó tó di ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń pè mí ní Dádì. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Bàbá Bíríkìlà. Ìyàwó mi mọ oríkì mi, ṣùgbọ́n tó bá ti pè é, mo ti mọ̀ pé nǹkan kan wà tó fẹ́ gbà. Nínú gbogbo ayé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń kì mí láìfẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí ẹni yẹn bá dákẹ́, oríkì mi di ohun tí èmi nìkan ń sọ fún ara mi nínú ilé ìwẹ̀.

Àárín oríkì yìí gan-an ni fóònù káńsílọ̀ yẹn wá yàn láàyò láti máa kú sí. Kì í kú nígbà tí a bá ń béèrè ewúrẹ́. Kì í kú nígbà tí àjèjì kan bá ń pè mí pé òun ti ṣi nọ́ńbà pè. Ó di ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti gbé ohùn sókè, tí wọ́n ti pè mí dé àárín, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ó parí. Àkọ́kọ́, wọ́n dárí jì mí. Ìkejì, wọ́n ṣe bí ẹni pé wọn ò rí i. Nígbà tó yá, wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà sí ara.

"Ìwọ!" wọ́n ní. "Èmi ń kì ọ́, ìwọ ń já fóònù mọ́ mi létí?"

"Bátìrì ni o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Bátìrì ò ní ìka. Ta ló tẹ ibi pupa?"

"Kò sẹ́ni tó tẹ ibi pupa, mà. Òun fúnra rẹ̀ ló..."

Níbẹ̀ ló tún kú sí. Ẹ bá mi rò ó. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ṣe àlàyé fún ike.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ò gbé ìpè mi mọ́. Kí ẹ̀gbọ́n máa ki àbúrò, kí àbúrò wá gé ìpè mọ́ wọn lẹ́nu, ní tiwa, ó burú ju kéèyàn bú wọn lọ. Mo pè ní àárọ̀, wọn ò gbé e. Mo pè ní ọ̀sán, wọn ò gbé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé mo ń fọ ẹnu lásán.

Ìyàwó mi ló dá mi lóhùn nígbà tí mo ń ráhùn. Ó ń fẹ́ ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ṣé ẹ ò wá lè wọkọ̀ lọ sí Odeda ni? Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

"Màá lọ. Tí mo bá bẹ̀ wọ́n tán ńkọ́? Tí mo bá padà dé, tí fóònù yìí tún kú mọ́ wọn létí lọ́la? Ìgbà wo ni wọ́n máa gbà gbọ́ pé ẹ̀bẹ̀ yẹn dénú mi?"

Ó gbójú sókè báyìí. "Ìyẹn ni pé ẹ fẹ́ ra fóònù."

"Mo fẹ́ ra fóònù."

"Èmi náà á bá yín lọ. Ìgbà tí ẹ lọ ra rédíò, ẹ̀yin àti ajá lẹ jọ padà wálé."

Òótọ́ ni. Ajá náà dáa ju rédíò lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ọ̀tọ̀.

A gba Ìtòkú lọ. Láàárín àwọn aláàdìrẹ, níbi tí aṣọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ojú ọ̀run, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta fóònù. Ìyá rẹ̀ ló ta àdìrẹ nínú ṣọ́ọ̀bù náà kí òun tó jogún rẹ̀, ó sì kó fóònù sórí pẹpẹ tí aṣọ máa ń wà. Ó ní ẹnu, ó sì mọ ọjà rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì bojú jẹ́ kó má baà mọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ káàbọ̀, Mà. Irú fóònù wo lẹ ń fẹ́?"

"Èyí tí kò ní kú kí ẹ̀gbọ́n mi tó sọ̀rọ̀ tán."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ọmọ Ẹ̀gbá ni."

Ó mi orí. Ọ̀rọ̀ ti yé e.

Ó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan jáde tó ń dán bí orí ọmọ tuntun. Ojú mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kámẹ́rà mẹ́ta ni, Bàbá."

"Kí ni wọ́n ń wò lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn?"

"Yóò mú fọ́tò yín mọ́ kedere ni."

Ó yà mí ní fọ́tò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó. Mo rí bàbá bàbá mi nínú rẹ̀, ó jókòó, ó fi fìlà mi dé orí, ó dà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé láti sin.

Ìyàwó mi yọjú wò ó. "Ó jọ yín gan-an," ó ní.

Mo dá a padà. Mo sọ fún obìnrin náà pé kí ó wá èyí tí ojú rẹ̀ kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó gbé òmíràn jáde. Ó ní èyí kò nílò pé kéèyàn há ohunkóhun sórí, kí n sáà fi àtàǹpàkò mi kàn án lẹ́yìn, yóò dá mi mọ̀, yóò sì ṣí. Mo fi kàn án. Fóònù náà ní kí n tún un gbìyànjú. Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo tún fi kàn án. Ó ní kí n tún un gbìyànjú. Mo fi ti ọwọ́ òsì kàn án. Ó ní kí n dúró díẹ̀ ná, òun fẹ́ sinmi. Sìmẹ́ǹtì ló ti jẹ gbogbo ilà tó wà ní ìka mi láti ọjọ́ pípẹ́. Tí mo bá jalè, ọlọ́pàá ò lè rí mi mú láéláé. Fóònù náà rò pé ògiri ló wá kí òun.

"Bàbá, ẹ lè lo nọ́ńbà dípò ìka."

"Nọ́ńbà náà á dáa. Ṣùgbọ́n fi èyí sẹ́yìn. Mi ò lè gbé pẹ̀lú ẹni tí kò dá mi mọ̀."

Ìyàwó mi ní, "Ẹ ti gbé pẹ̀lú mi tipẹ́."

Bí a ṣe ń lọ nìyẹn. Mo gbé fóònù jáde sínú oòrùn láti mọ̀ bóyá màá rí ojú rẹ̀, nítorí ìta ni èmi máa ń jókòó, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bó ṣe kan oòrùn báyìí, ó di dígí, irun imú mi nìkan ni mo ń rí. Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn sípíkà wọn, mo wá fi fìlà bò wọ́n mọ́lẹ̀ láti mọ èyí tó máa gbé ohùn jáde lábẹ́ aṣọ, torí inú àpò ni fóònù mi máa ń gbé. Mo ju ọ̀kan sókè, mo sì hán an, kí n lè mọ bó ṣe wúwo sí. Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ìgbà tí oòrùn fi débi àtàrí, méjì péré ló kù lórí pẹpẹ.

Ọ̀kan jẹ́ tòkunbọ̀. Ó rẹwà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dà bí ẹni tó ti gbé láàárín àwọn olówó. Èkejì jẹ́ tuntun nínú páálí, dúdú, ó ki, ó nípọn bí bíríkì. Iye kan náà ni wọ́n ń ta méjèèjì.

"Bàbá, ẹ gbọ́ tèmi," obìnrin náà ní. "Tòkunbọ̀ yìí, ọwọ́ òyìnbó ló ti wá. Iṣẹ́ tó lè ṣe, èkejì ò lè ṣe ìdajì ẹ̀."

"Tó bá dáa tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí òyìnbó fi jẹ́ kó lọ?"

"Wọ́n ti ra òmíràn ni."

"Bátìrì rẹ̀ ńkọ́?"

Ó gbé ojú kúrò. "Bátìrì wà níbẹ̀, Bàbá."

Mo ti kọ́ ilé fún irú ènìyàn tó máa ń dáhùn báyẹn. Wọ́n á ní ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀. Lóòótọ́ ó máa ń wà níbẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà, a máa dán àwọn méjèèjì wò. Iná ò sí lọ́jà láti àárọ̀, kò sí èyí tó kún nínú àwọn fóònù náà, ìwọ̀n iná kan náà ló sì kù nínú wọn. Mo bá obìnrin náà ṣàdéhùn pé èyí tó bá kẹ́yìn kú, mi ò ní kúrò níwájú rẹ̀ láìsanwó rẹ̀. Mo ki síìmù tèmi bọ dúdú, mo ki ti ìyàwó mi bọ tòkunbọ̀.

Ta ni kí n wá pè? Mo fẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rẹ́ méjì ni mo ní tí mo mọ̀ pé wọ́n tó bẹ́ẹ̀. A jọ dàgbà nínú agboolé kan náà ni. Ọ̀kan di ààfáà, ọ̀kan di kátíkíìsì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, èmi di ẹni tó ń mọ ilé fún àwọn méjèèjì. Mo fi tòkunbọ̀ pe ààfáà, mo fi dúdú pe kátíkíìsì. Mo sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé mo fẹ́ ra ohun kan lọ́jà, kí wọ́n fi àdúrà díẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Mo gbé àwọn méjèèjì sórí pẹpẹ, mo ṣí sípíkà wọn.

Ààfáà ṣe bísímílàhì. Kátíkíìsì pe Ọlọ́run ayérayé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ààfáà fi dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló ń pariwo lẹ́yìn rẹ yẹn?"

"Ọ̀rẹ́ wa kátíkíìsì ni. Òun náà ń gbàdúrà fún mi lórí fóònù kejì."

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ ni."

Ó wúkọ́. "Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀ o. Mo ń palẹ̀ mọ́ ni."

Láti inú fóònù dúdú, kátíkíìsì ní, "Ṣé ààfáà ni mo ń gbọ́ yẹn? Bá mi kí i o. Sọ fún un pé ara mi le dáadáa lónìí. Ẹ jẹ́ ká máa bá àdúrà lọ."

Ha! Ẹ̀yin ará mi, nǹkan dé. Ààfáà gbàdúrà fún ṣọ́ọ̀bù náà, ó gbàdúrà fún gbogbo ọjà, ó gbàdúrà fún aró inú ìkòkò kó má ṣe ṣá. Kátíkíìsì gbàdúrà fún ìjọba, ó gbàdúrà fún àwọn àgbẹ̀, ó gbàdúrà fún gbogbo àwọn tó wà nínú ewu lójú òkun, bẹ́ẹ̀ odò ni a ní ní Abẹ́òkúta, a ò ní òkun. Àwọn aláàdìrẹ fi aṣọ sílẹ̀, wọ́n wá dúró. Àwọn ọlọ́kadà pa máṣíìnì. Gbogbo wọn ń ṣe àmín, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó ń ṣe é fún. Obìnrin kan gbé adìyẹ dání nínú apẹ̀rẹ̀, adìyẹ náà yé ẹyin síbẹ̀. Ọlọ́kadà kan gbé ẹnu sún mọ́ tòkunbọ̀, ó ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyàwó mi tó kó jáde." Ààfáà rántí rẹ̀ kíá.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti kọ́kọ́ fọwọ́ lérí. "Bàbá, ẹ ti bà mí lọ́jà jẹ́!" Nígbà tó wá wo iye èrò tó wà níwájú rẹ̀, ó gun àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, "Ẹ wá ra fóònù tó ń gba àdúrà o! Ó ń gba àdúrà onígbàgbọ́, ó ń gba ti mùsùlùmí! Ẹ má jẹ́ kó tán o!" Ó tà. Mo fi ojú mi rí i.

Tòkunbọ̀ ti ń gbóná. Ìyàwó mi fọwọ́ kàn án, ó fọwọ́ náà sẹ́nu kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò. Ààfáà ti dé ibi àwọn ọ̀tá ilé, ó ti gbé ohùn sókè, ó ní, "Gbogbo ẹni tó bá ní kí ó má ṣeé ṣe..." Ojú tòkunbọ̀ ṣú. Ó kú. Mo mọ ikú yẹn dáadáa, mo ti ń bá irú rẹ̀ gbé.

Kátíkíìsì ò mọ nǹkan kan. Ó ṣì wà lójú òkun. Mo jẹ́ kó ṣe é títí ara mi fi balẹ̀ nípa bátìrì, títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ, lẹ́yìn náà ni mo sún mọ́ fóònù náà, mo ní, "Ààfáà ti dákẹ́ o."

Kíá ló ní, "Nípasẹ̀ Jésù Kírísítì Olúwa wa, àmín."

Nígbà tí mo rí ààfáà lọ́jọ́ kejì, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Kò bínú rárá. "Àdúrà mi ló wúwo jù fún un," ó ní. "Fóònù yẹn ò lè gbé e. Ti ọ̀rẹ́ wa fúyẹ́, ìdí tí tiẹ̀ fi yè nìyẹn." Kátíkíìsì ní tirẹ̀ sọ fún mi pé òun ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú àwọn méjèèjì dùn. Mi ò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ra dúdú. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, kò yára, bí o bá tẹ nǹkan, á kọ́kọ́ rò ó wò ná. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹni tó jẹ́. Mo délé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

Wọn ò gbé e.

Mo tún pè. Wọn ò gbé e. Mo ra fóònù tó lè gbọ́ àdúrà gbogbo ayé, ẹni tí mo rà á fún kò sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Ó sáà bá mi ṣa agbádá, ó ní, "Ẹ máa lọ sí Odeda."

Mo wọkọ̀ lọ. Ilé wọn kọjú sí títì. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, lábẹ́ igi máńgòrò kan, ẹsẹ̀ mi wá kọ̀ láti sọdá. Ṣé ẹ mọ̀ pé àgbàlagbà máa ń bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ó ń bẹ̀rù rẹ̀ o. Mo rí wọn lórí àga ní fàráńdà, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú àwo ńlá. Mo yọ fóònù, mo pè wọ́n.

Mo rí i tí fóònù wọn dún. Mo rí i tí wọ́n gbé e, tí wọ́n sún un mọ́ ojú, tí wọ́n wo nọ́ńbà mi dáadáa. Wọ́n wá rọra fi í sí abẹ́ ẹ̀gúsí, wọ́n fọwọ́ kó òmíràn lé e lórí. Mo tún pè. Ẹ̀gúsí ń gbọ̀n. Wọ́n ń ṣẹ́ tiwọn lọ. Mo tún pè. Wọ́n fọwọ́ gbá àwo náà, "Dákẹ́ ńbẹ̀!" Mo tún pè. Wọ́n walẹ̀ yọ ọ́.

"Kí ló dé?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí."

"Ìwọ tí o ti di ọ̀gá, tó ń já fóònù mọ́ èèyàn létí! Kí lo tún ń wá? Ṣé o fẹ́ já èyí náà ni?"

"Mi ò já a o. Mo ti ra òmíràn. Mo ti dọ̀bálẹ̀ báyìí."

"Irọ́! Ta ló mọ̀ bóyá orí bẹ́ẹ̀dì lo wà? O ò lè..." Mo rí i tí wọ́n na ọrùn. "Ta ni wèrè tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́hùn-ún yẹn?"

"Èmi ni, mà."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá láàárín wa. Nígbà tí eruku rẹ̀ lọ, wọ́n ti dìde dúró, fóònù wà létí wọn síbẹ̀.

"Agbádá yẹn, ṣé ìwọ lo máa fọ̀ ọ́?"

"Ìyàwó mi ni, mà."

"Ó ṣe mí láàánú. Dìde." Mo gbé ẹsẹ̀ kan láti sọdá. "Dúró síbẹ̀! Mi ò ní kí o wá. Orí fóònù lo ti ń já mi, orí fóònù náà ni màá ti kì ọ́. Bó bá tún kú, kó o padà sílé."

Mo dúró lábẹ́ igi náà bí ọmọ iléèwé tí wọ́n fìyà jẹ. Wọ́n jókòó. Wọ́n tún ohùn ṣe. Wọ́n pe oríkì mi.

Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n mo sọ fún yín, wọ́n kì mí! Wọ́n kì mí láti orí bàbá wa, wọ́n kì mí dé orí àwọn tó bí bàbá wa, wọ́n kì mí dé orí òkúta tí àwọn babańlá wa sá pamọ́ sí, wọn ò fo ẹnì kankan. Máńgòrò ń jábọ́ sílẹ̀. Onírúurú ọkọ̀ dúró. Fóònù dúdú náà kò gbóná, kò mì, kódà dípò kí iná rẹ̀ máa lọ sílẹ̀, ńṣe ló ń gòkè. Wọ́n kì mí títí dé òpin, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn pátápátá, èyí tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tí káńsílọ̀ ti wọ ilé mi.

Ohun tí mo sọ fún ìyàwó mi nìyẹn nígbà tí mo délé. Ohun tí mo sọ fún ààfáà àti kátíkíìsì nìyẹn, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, oníkálukú lọ́nà tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n irọ́ ni ìparí yẹn, èmi ni mo fi ẹnu ara mi dá a. Wọn ò kì mí tán.

Wọ́n dé orí bàbá bàbá wa, wọ́n dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti kú. Mo mú un kúrò létí, iná wà lójú rẹ̀ dáadáa, ìpè náà ṣì ń lọ. Mo wo òdìkejì títì. Wọ́n jókòó síbẹ̀, fóònù wà létí wọn, ẹnu wọn là díẹ̀, wọ́n ń wo ẹ̀gúsí.

"Kí ló kàn?" wọ́n bi mí, jẹ́jẹ́.

Èmi náà ò mọ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Láti kékeré, àwọn ló ń kì mí, èmi ń gbọ́. Mi ò kọ́ ọ rí. Mo ní, "Ó ti parí, ẹ̀gbọ́n mi. Ibẹ̀ ló parí sí."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"O gbọ́ ọ tán?"

"Mo gbọ́ ọ tán."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Fóònù yẹn dáa," wọ́n ní. "Sọdá wá, wá bá mi ṣẹ́ ẹ̀gúsí."